Amọ̀ Ògiri Chan Chan

"Nélida, ṣé wọ́n gégùn-ún fún wa ni, tí a fi ń ru amọ̀ láti etí odò bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?" Wilmer, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Amọ̀ rèé níwájú wa!"

Ògiri Chan Chan ló nawọ́ sí: ìlú amọ̀ etí òkun, arúgbó ìlú tí ìjì ń kí tó ń jẹ́. Àwọn baba ńlá wọn ló gbẹ́ ẹja sí ara ògiri náà.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Màmá yìí náà ni òjò fẹ́ bá nínú yàrá tí kò ní ògiri kẹrin! Ẹ̀yìn la ó ti gbẹ́ ẹ. Àbí àwọn ẹja ẹ máa fẹjọ́ wa sùn?"

Rédíò ti ń kéde òjò ńlá, irú èyí tí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn máa ń pẹ́ kó tó rí. Nélida ro ti Màmá, ìyá àgbà wọn, ó gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n gbẹ́ ihò tí ewúrẹ́ lè sùn sí ní ìdí ògiri náà.

Ìyá àgbà wọn, Eudosia, kì í jẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ ṣe bíríkì láìfi ahọ́n tọ́ ọ wò, nítorí amọ̀ oníyọ̀ kì í dúró lójú omi. Lọ́jọ́ náà, ikọ́ ti dá a dùbúlẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o tọ́ ọ wò?"

"Mo tọ́ ọ wò, Màmá."

"Olúwa á jẹ́ kó dúró."

Nélida ṣe àmín.

Wọ́n fi amọ̀ náà mọ ògiri kẹrin. Òjò dé. Ọpẹ́ ni pé ìdí iná ni ìyá àgbà wà nígbà tí ògiri tuntun yọ́ bíi ṣúgà, tó wó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wilmer bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Nélida kò sunkún. Ó fẹsẹ̀ wọ́ ẹrọ̀fọ̀ lọ sí Chan Chan. Omi ti gba inú ihò wọn wọlé. Ògiri ti dojú bolẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ di tapólì mú, kò mọ ohun tó máa fi bò.

"Ẹja lo wá wò?" ló bi í. "Wọ́n ti lọ."

Nélida bu ẹrọ̀fọ̀ náà sẹ́nu. Iyọ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ ẹ sí i. Ká ní ó ti tọ́ ọ wò lọ́jọ́ náà ni, ì bá ti mọ̀.

Nílé, ó ní, "Màmá, mi ò tọ́ ọ wò."

"Mo ti mọ̀. Wá jẹ ẹja rẹ kó tó tutù."

Ó jẹ ẹ́. Kò mọ adùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Òjò kọ́ ló kọ́kọ́ la ògiri yẹn lẹ́nu. Ọ̀nà àbùjá àti irọ́ kékeré kan ló wó ilé méjì. Ti ìyá àgbà ṣeé tún mọ. Ta ni yóò bá wa tún ti àwọn baba ńlá mọ?