Ẹni Kejìlá Lẹ́yìn Kíláàsì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti fọwọ́ lé Kùránì búra níwájú ọkọ mi, láti ọjọ́ náà ni kò ti bi mí mọ́. Mi ò mutí. Mi ò sùn. Ọ̀sán gangan ni.

Mọ̀dínátù lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé-ìwòsàn aládàáni kan nítòsí Ìkòtún, tí mi ò ní dárúkọ. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwa nọ́ọ̀sì máa ń lọ fún ẹ̀kọ́ àfikún kí wọ́n tó sọ ìwé-àṣẹ wa dọ̀tun. Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú àwọn tó fara pa yánnayànna ló kàn wá. Ọjọ́ méjì ni, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìsinmi. Èmi àti Gideon la jọ lọ. Ẹ̀ka kan náà la wà, ṣùgbọ́n mo ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kìíní, ìwé la kà. Ọjọ́ kejì, Mátírọ́nì Yẹ́misí tó ń kọ́ wa ní ká jáde síta. Ó ti mú àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, pé kí wọ́n ṣe bí ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ara wọn. Wọ́n so páálí mọ́ ọrùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bó ṣe ń mí sí i lára. Wọ́n wá tú wọn ká sínú ọgbà, àwọn kan lábẹ́ igi, àwọn kan lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Iṣẹ́ tiwa ni ká sáré kiri, ká so okùn aláwọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọ̀ ewé fún ẹni tó lè rìn. Àwọ̀ ìyeyè fún ẹni tó lè dúró díẹ̀. Pupa fún ẹni tó máa kú bí a ò bá tètè tọ́jú ẹ̀. Dúdú fún ẹni tí a ò lè ṣe nǹkan kan fún mọ́.

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lẹ ní fún ẹnì kan," ni Mátírọ́nì wí. "Tẹ́ ẹ bá ti so ó, ẹ kọjá. Ẹ má bojú wẹ̀yìn."

Ó fọn fèrè. Mo sáré.

Ojú ọ̀run ti ṣú, òjò ò sì tíì rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ń ké, wọ́n sì ń rọra rẹ́rìn-ín láàárín igbe. Mo so àwọ̀ ewé mọ́ ẹni méjì lọ́wọ́. Mo so pupa mọ́ ọmọbìnrin kan. Mo yà sẹ́yìn kíláàsì tó gbẹ̀yìn.

Ibẹ̀ dákẹ́. Mi ò tíì rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ mi ò gbọ́ igbe wọn mọ́. Mi ò gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ ojú títì mọ́. Èémí tèmi nìkan ni mò ń gbọ́.

Obìnrin kan dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ògiri. Ìró àǹkárá ara ẹ̀ rin gbingbin. Kò sí páálí lọ́rùn ẹ̀. Mo rò pé ó já bọ́ ni. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, mo gbé etí sẹ́nu ẹ̀. Kò mí. Mo tún un ṣe. Kò mí. Ara ẹ̀ tutù bí omi àmù. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ọmọ yìí mọ eré ṣe ṣá, pé ó lè sé èémí tó báyìí.

Òfin sì ni òfin. Ẹni tí kò bá mí lẹ́yìn tí a ti ṣí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, dúdú ni. Mo so dúdú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo dìde.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, Nọ́ọ̀sì."

Kò pariwo. Ó rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni tó ń rán èèyàn létí. Mo ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí òfin Mátírọ́nì ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí, torí pé mo mọ èkínní.

Nígbà tí fèrè tún dún, gbogbo wa péjọ sábẹ́ igi. Mátírọ́nì ka àwọn ọ̀dọ́ náà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ó gba okùn tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lórí tèmi.

"Sísítà Mọ̀dínátù, dúdú yín dà?"

"Mo so ó mọ́ obìnrin tó wà lẹ́yìn kíláàsì."

Ó wò mí. "A ò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Kò tiẹ̀ sí òkú nínú tòní. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa tètè jọ̀wọ́ aláìsàn ẹ̀."

Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù rẹ́rìn-ín. Gideon ò rẹ́rìn-ín.

Èmi, Mátírọ́nì àti Gideon lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, àfi ojú kan tó tutù lẹ́bàá ògiri. Ó gùn tó èèyàn. Mátírọ́nì ní bóyá ẹnì kan ló da omi síbẹ̀. Ó padà. Gideon dúró tì mí.

"Mo rí i," ló wí.

"O rí ta ni?"

"Obìnrin náà. Mo gba ẹ̀yìn yín kọjá. Mo rí dúdú lọ́wọ́ ẹ̀, mo rò pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò." "Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, Sísítà. Ó ń wò mí. Mo sì kọjá."

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, bọ́ọ̀sì kan kó sínú kòtò lọ́nà Ìdímù lọ́jọ́ òjò. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kó wá bá wa lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti Gideon nìkan ló wà nílẹ̀. Dókítà wà níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Obìnrin kan wà nínú wọn, omi kòtò ń kán lára ìró ẹ̀. Mo gbọ́ èémí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mi ò tún gbé etí síbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan ń pè mí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mo fi máákà dúdú sàmì sọ́wọ́ obìnrin náà, mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́bàá ògiri.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó padà débẹ̀. Ojú sókè la tẹ́ ẹ sí. Ó ti kọjú sí ògiri. Ìka ẹ̀ ti fa ẹ̀jẹ̀ sára ògiri, ìlà mẹ́rin, dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀ lè nà dé. Ó ti kú wàyí. Gideon ní òun rí àmì dúdú lòun ṣe kọjá. Mo nu ògiri. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti kú kí wọ́n tó gbé e dé. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Zulaihat lorúkọ ẹ̀. Ìgbà tí àbúrò ẹ̀ wá gba òkú ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fún wa ní ìwé-ẹ̀rí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Máàkì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo gbà. Kò sí ẹni tó ga jù mí lọ. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gbìyànjú láti gbàgbé. Nígbà tí kò ṣeé ṣe, mo wá àdírẹ́sì Zulaihat nínú ìwé wa. Ìjẹ̀gùn ni.

Gideon ní kí n má lọ. "Kí lẹ fẹ́ lọ sọ?"

"Òtítọ́."

"Ta ló ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín?"

Mo lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀kadà gbé mi dé ojú ilé. Ìyá ẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, pé èmi ni mo gba ọmọ wọn wọlé lọ́jọ́ jàǹbá bọ́ọ̀sì yẹn. Ó ní kí n jókòó. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìgbà tí mo dé orí èémí ni ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Ó ń mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo rò pé ó ń mí nígbà tí mo fi í sílẹ̀."

Ó fi ọwọ́ ti abọ́ ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ta ni, Màmá?"

"Zulaihat. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo ní nọ́ọ̀sì kan ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Láti ọdún méjì ni mo ti ń gbèjà rẹ lọ́dọ̀ ẹ̀."

Ó gbójú sókè wò mí. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

"Ní báyìí, kí ni kí n wá sọ fún un?"

Kọ́tìnì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn, ẹnì kan ń mí. Èémí náà wúwo, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń mí bẹ́ẹ̀ ò ní pẹ́ mọ́, àfi kí ẹnì kan tètè wọlé tọ̀ ọ́.

Màmá ń wò mí. Ó ká ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò lọ́nà, kí n lè ráyè kọjá wọ yàrá náà.

Mo gbé báàgì mi. Mo ní, "Ó dàbọ̀, Màmá." Mo jáde sójú ọ̀nà, mo dá ọ̀kadà dúró.