Ẹyẹ Kan Lára Ìbọn Orville

Inú ìbọ̀sẹ̀ ni Maribeth Tidwell gbé ìbọn rẹ̀ sí wọ ọjà. Ìbọ̀sẹ̀ pupa onírun ni, àtàǹpàkò ti lu ú. Aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè wà lọ́rùn rẹ̀, omi ń kán láti irun rẹ̀, ó sì ń rìn láàárín àwọn tábìlì bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Gbogbo ọkùnrin inú gbọ̀ngàn náà, níbi tí a ti ń ná ìbọn àtijọ́ ní Oklahoma lóṣooṣù, ló yí ọrùn wò ó. Wendell Haskew nìkan ni kò yí ọrùn. Ó ti dìde dúró ní tirẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí òun dìde.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Wendell, kò níyàwó, kò sì lẹ́nu púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo ìbọn ògbólógbòó, kó sọ bó ṣe níye lórí tó. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn.

"Ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ìbọn."

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ yìí ni mi ò mọ̀. Ó jọ pé ó ti jagun rí."

Maribeth bú sẹ́rìn-ín. "Ti bàbá àgbà mi ni. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ìbọn."

Wendell kọ́kọ́ rí i dájú pé ọta ò sí nínú ìbọn ìléwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló gbé gíláàsì tó fi ń wo nǹkan kéékèèké lé ẹ̀yìn èèkù. Ẹnì kan ti lu lẹ́tà mẹ́ta síbẹ̀, C.F.B., pẹ̀lú nọ́ńbà 7. Lábẹ́ wọn, wọ́n ha ẹyẹ kékeré kan, ìyẹ́ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ.

"Ṣé àwọn àmì yìí bù kún un ni, àbí wọ́n bà á jẹ́?" ni Maribeth bèèrè.

"Ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló wà. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló lù ú, àwọn tó ń kó ìbọn jọ á máa du ú. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló jókòó sílé tó ń fi ìṣó ṣeré, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn."

"Bàbá àgbà ní Cutler Ferry Bridge, orúkọ afárá kan, ni lẹ́tà yẹn, pé òun wà lára àwọn tó ṣọ́ ọ lọ́dún tí omi yalé. Ẹ̀rín ni gbogbo ìdílé wa ń fi í rín. Màmá mi ní orí àtẹ òkìrìkà ni wọ́n ti rà á. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni bàbá àgbà báyìí, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ò ju kí ẹnì kan gbà wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó kú."

Wendell mi orí. "Àwa níbí ní òfin kan: ìbọn ni kó o rà, má ra ìtàn. Àmì tí a ò bá tíì rí lára ìbọn kejì, ìtàn ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ìkejì rẹ̀."

Ó kọ lẹ́tà káàkiri. Maribeth, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé, bẹ̀rẹ̀ sí í wá lóṣooṣù láti gbọ́ ìròyìn, kò sì pẹ́ tó fi ń wá nígbà tí kò síròyìn. Wọ́n á jọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lẹ́yìn tábìlì. "Olójú Gíláàsì" ló ń pè é. Lóṣù kẹrin, Wendell di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, òógùn sì bò ó.

"Ọwọ́ mi rèé o," ni Maribeth wí, "kì í ṣe ìbọn. Kò ní yìn."

Ìfẹ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n owú tẹ̀ lé e wọlé. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Obìnrin ni wọ́n ń fi í bú, torí pé àwọn tó pa òwe náà ò mọ Wendell. Bí Maribeth bá kí ẹni tó ń ta kọfí, oúnjẹ á korò lẹ́nu Wendell. Ẹni tó wá burú jù lójú rẹ̀ ni Brent Lassiter, òǹtajà ìbọn tí tábìlì rẹ̀ dojú kọ ti Wendell, oníbàtà gíga, ẹlẹ́nu dídùn.

Lóṣù kẹfà, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Kansas. Fọ́tò wà nínú rẹ̀: irú ìbọn kan náà, C.F.B., nọ́ńbà 3. Inú Wendell dùn dé gongo. Ó fi fọ́tò sí àpò àyà, ó lọ wá Maribeth.

Ọ̀dọ̀ Brent ló bá a. Maribeth gbé ọwọ́ lé apá Brent, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Wendell, ìwọ là ń sọ!" ni Brent ké. "Tó o bá ti lè fọwọ́ sí àmì yìí, èmi ni mo máa rà á. Mo tún máa gbé omidan yìí lọ jẹun nílùú ńlá."

Ojú Wendell ṣú. Ó rò ó wéré: bí àmì náà ò bá níye, Brent ò ní wá nǹkan kan mọ́ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin yìí.

"Kò sí ìkejì," ló wí. "Ẹnì kan ló jókòó sílé tó lù ú. Ó ti ba ìbọn jẹ́."

"Ó parí nìyẹn," ni Brent wí, ó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú Maribeth. Ó ti ìbọn bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó lọ, kò wẹ̀yìn. Fọ́tò sì wà ní àpò àyà òpùrọ́ níbẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Maribeth tó padà. Ojú rẹ̀ ti rù.

"Mo wá tà á ni, fún ẹni tó bá fẹ́. Mo jíṣẹ́ rẹ fún bàbá àgbà. Wọ́n ní, 'Á jẹ́ pé irọ́ ni mo ń pa.' Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ ìtàn kankan mọ́."

Wendell mọ ohun tí òtítọ́ máa gbà lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan lọjà rẹ̀. Ó gun orí àga, ó na fọ́tò sókè.

"Ẹ̀yin ará, irọ́ ni mo pa! Ìbọn afárá Cutler Ferry ni, ìkejì rẹ̀ rèé. Mo ti rí i kí n tó sọ pé kò sí."

Maribeth wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Kí ló dé?"

"Owú ni. Mo rí ọwọ́ rẹ lápá Brent."

"Mò ń bi í bóyá o níyàwó tó ò ń fi pa mọ́ ni! Ó ní ìwọ, tó ò lè kí ológbò?" Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Má bẹ̀ mí. Wọ mọ́tò. Ẹni tó o máa bẹ̀ wà nílé."

Orville, bàbá àgbà Maribeth, jókòó ní ìloro, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ta nìyí?"

"Ẹni tó pè yín ní òpùrọ́ ni, bàbá," ni Wendell dá a lóhùn.

Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ tán, ó fi fọ́tò lé bàbá lọ́wọ́. Bàbá wò ó pẹ́. "Nọ́ńbà mẹ́ta," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ òru ni ẹni tó ń gbé e máa ń ṣe." Omijé dà lójú rẹ̀. "Ẹyẹ yẹn wá ńkọ́? Òun náà níye?"

"Rárá, bàbá. Ẹ dákun. Ẹyẹ yẹn ti dín iye ìbọn kù."

Orville rẹ́rìn-ín sí Maribeth. "Ṣó o rí i, ó ti ń sọ òtítọ́. Èmi ni mo ha á. Ọkùnrin kan ló máa ń fi mọ́tò gbé Idabelle, tó padà wá di ìyàwó mi, kọjá lórí afárá ní gbogbo Sátidé, ẹyẹ a máa wà lára fìlà Idabelle. Owú ń pa mí, ìbọn sì wà lọ́wọ́ mi. Mo bá wá ìṣó, kí ọwọ́ náà lè ríṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó ń gbọ̀n ni ìyẹ́ fi wọ́. Nígbà tí mo fi ẹyẹ náà han Idabelle, ó ní òun ò wọ mọ́tò ẹni yẹn mọ́." Ó wo Wendell. "Èmi fi owú ba ìbọn jẹ́, ìwọ fi ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èwo ló burú jù?"

"Tèmi ni, bàbá."

"Ó dáa tó o mọ̀. Dìde."

Lọ́dọ̀ wa, ìbọn àtijọ́ kì í dá rìn. Ìwé kan ló ń bá a lọ, orúkọ gbogbo ẹni tó ti ni ín rí a sì máa wà nínú rẹ̀. Wendell kọ ọ́ níbẹ̀: afárá, nọ́ńbà 7, ẹyẹ. Ó kọ irọ́ tirẹ̀ náà àti ohun tó fà á. Ó kọ orúkọ Orville sí ìlà kìíní, ó sì gbé kálàmù fún Maribeth.

Maribeth kọ orúkọ tirẹ̀ sí ìlà kejì. Ó wá kọ *Wendell Haskew* sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kì í rí bẹ́ẹ̀," ni Wendell wí. "Ìlà kan, ẹnì kan ni. Àfi tí wọ́n bá jẹ́ tọkọtaya."

"Mo gbọ́," ni Maribeth dá a lóhùn. "Fọwọ́ sí i."