Àga Tí Ohùn Ń Ṣáájú Ẹnu Dé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi ata sí i. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Bí ẹ bá bi í, yóò sọ fún yín. Àmọ́ kò ní bá yín jiyàn.

Etí-Ehoro ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ohùn nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí àwọn olórin ti ń kọrin. Ọ̀gá rẹ̀, Baba Oníwáyà, ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí pé kò sí ohùn tín-ín-rín tó lè fo etí rẹ̀ kọjá.

Bàbá náà kì í pariwo. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká wáyà kó má baà lọ́ pọ̀. Ó kọ́ ọ pé kí sípíkà tó ké, yóò kọ́kọ́ kùn bí oyin. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó kọ́ ọ pé kó máa rìn.

"Kì í ṣe ibi tí àwa wà nìkan ni èèyàn máa jókòó sí. Rìn yíká. Lọ jókòó níbi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ jókòó sí."

Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Ìyá rẹ̀ tiẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní bu oúnjẹ sábọ́ mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ lu abọ́ náà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, obìnrin olórin kan fẹ́ kọrin nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń dán ohùn wò lọ́sàn-án. Baba Oníwáyà jókòó sídìí míkísà, pátákó oníbọ́tìnnì tí wọ́n fi ń darí ohùn. Etí-Ehoro ń rìn yíká. Ó dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí àjà ti rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ó tutù. Ó jókòó sórí àga tó wà ní igun.

Ohùn olórin náà wọ̀ ọ́ létí. Ó mọ́ gaara. Ó dùn.

Ó gbójú sókè wo ìtàgé. Ẹnu olórin náà ṣì wà ní pípadé.

Ó pajú dé, ó là á. Olórin náà mí sínú, ó wá la ẹnu. Orin kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà.

Ara Etí-Ehoro bù máṣọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé ẹ̀yìn. Kì í ṣáájú ẹnu.

Ó fẹ́ dìde. Ìgbà náà ni orin tó ń ṣáájú yẹn já láàárín ọ̀rọ̀. Nǹkan kan ṣubú, gbì! Ogunlọ́gọ̀ èèyàn figbe ta. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ó wò yíká. Kò séèyàn lórí àga kankan. Lórí ìtàgé, olórin náà ń kọrin tirẹ̀ lọ.

Ó sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àga igun yẹn..."

Baba Oníwáyà kò wẹ̀yìn. "O jókòó síbẹ̀."

"Ẹ mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Kí lo gbọ́?"

Ó sọ fún un.

"Ọ̀gá, ṣé ó máa ń purọ́?"

"Rárá o. Àmọ́ kì í ṣàlàyé."

Wọ́n gun àkàbà. Wọ́n fa okùn gbogbo sípíkà tó wà lókè, wọ́n tún un dì, kí ohunkóhun má baà ṣubú. Wọ́n fẹsẹ̀ gbá pákó ìtàgé. Kò sí èyí tó mì. Etí-Ehoro bẹ olórin náà pé kó má kúrò láàárín ìtàgé.

"Ṣé kò sí nǹkan o?" olórin náà béèrè.

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Ibẹ̀ ni ohùn yín ti dùn jù."

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Baba Oníwáyà dìde nídìí míkísà.

"Jókòó. Ìwọ lo máa darí ẹ̀."

"Èmi? Lónìí?"

"Ìwọ lo mọ ohun tó ń bọ̀."

Ó jókòó. Orin dé orí èyí tó gbọ́ lọ́sàn-án. Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀.

Orin já.

Olórin náà ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà kan dúró síbẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Máíkì bọ́ lọ́wọ́ olórin, ó lu pákó, gbì! Òun náà wó lulẹ̀ lórí eékún.

"Ìyá mi!"

Àwọn èèyàn figbe ta. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé láti ìgbà tó ti yan orin láàyò ni ìyá rẹ̀ ti bínú, tí kò fẹsẹ̀ kan ibi tó ti ń kọrin rí. Nígbà tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀, kẹ́kẹ́ pa.

Etí-Ehoro rọra fa ohùn àwọn onílù wálẹ̀. Ó gbé ti máíkì tó wà nílẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ohùn ìyá náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dìde. Kọ ọ́ tán, kí n gbọ́."

Ó kọ ọ́ tán. Kò sí ẹni tí omi ò sí lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n túká, Etí-Ehoro ń ká wáyà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ká a dé igun yẹn. Ó wo àga náà títí. Ó jókòó.

Ó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín àrínpọ̀, ẹ̀rín ẹni tí ayọ̀ ńlá bá. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín tirẹ̀ ni. Ẹnìkan ń bá a rín in. Ẹni náà ni kò mọ̀.

Ó ti di ọ̀gá báyìí. Ó ti rín ẹ̀rín púpọ̀ láti ìgbà náà.

Kò tíì rín ìyẹn.