Omi Tí Ìyá Bùsàrí Kò Mu

Ọláníyọnu kú sí ọsibítù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó pa á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè gbé àpò ìrẹsì kan kọjá ojú ọ̀nà láìsinmi ni. Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ bó, ó ní ọ̀fun ń ta òun, nígbà tó yá kò lè tọ̀ mọ́. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó bi Agnes, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀, ohun tí ọmọ náà ń mu nílé.

“Tíì ni, àti píọ̀ wọ́tà,” Agnes dáhùn. “Àbúrò mi kì í mutí, dókítà.”

Òótọ́ ni, kì í mutí. Wọ́n sin ín, Agnes sì padà sílé ní Lasunwon, n'Íkòròdú, ó bá Dùnsìn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń sunkún nídìí oúnjẹ. Ẹnu òun náà ti bó.

Ẹ̀rù ba Agnes. Ahọ́n òun fúnra rẹ̀ ń ta á. Bùsàrí ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ tó sì ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, ní ọ̀fun ń yún òun. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ ata láìbẹ̀rù nínú ilé náà, Ìyá Ṣẹ̀rífátù, ìyá Bùsàrí, tó ti Ẹ̀pẹ́ wá tọ́jú orúnkún tó ń dùn ún.

“Ẹnu gbogbo ilé bó, ti arúgbó nìkan ló kù,” Ìyá Waliyah, aládùúgbò wọn, sọ fún àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi. “Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.”

Wọ́n rò ó. Wọn ò tiẹ̀ rò ó pẹ́ tí wọ́n fi rí àjẹ́ níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ohun gbogbo tí ìyá ń ṣe ti di ẹ̀rí. Ó ń jí kírun kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ní ó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń da ìfun ẹja sẹ́yìn ilé, àwọn lékèélékèé sì ń wá ṣà á jẹ. Ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò wò lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀, Agnes wá ń fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan bà sórí òrùlé, lókè yàrá Dùnsìn gan-an, ìyá sì dúró nísàlẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀.

“Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, Màmá?”

“Ẹyẹ yìí ni. Mo ní kó máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú.”

Agnes kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń jókòó, ó ń dìde, ó ń lọ fọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kí ìyá pọn ọmọ náà mọ́.

Ní Sunday, Pásítọ̀ Ògúnsànyà wàásù lórí fífi Ọlọ́run ṣáájú. Ó ní nǹkan tí èèyàn kò bá lè fi sílẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run bá bèèrè rẹ̀, òun gan-an lonítọ̀hún ń sìn. Agnes gbé ìwàásù náà délé fún ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Dùnsìn, ẹ gbọ́ ohun tí pásítọ̀ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju Jésù lọ, kò yẹ ní ti Jésù.”

“Mo gbọ́. Ṣé ìyá mi ló dárúkọ?”

“Ọmọ yín ń kú lọ. Kí ló dé tí nǹkan kan ò ṣe Màmá nìkan? Kí ló dé tí wọn kì í fẹnu kan omi àdúrà?”

Omi àdúrà yìí, láti ibi àìsùn ni Agnes ti gbé e wá. Ìgò kékeré ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gbé lọ kí wọ́n gbàdúrà sí i. Agnes ní tòun, kí ìbùkún lè kárí ilé, ó ra kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ní ìsọ̀ kan ní Agric. Láràárọ̀, Ọláníyọnu ń mu ife kan gbáko, torí ó ń wá iṣẹ́. Dùnsìn ń mu ṣíbí kan. Bùsàrí ń mu díẹ̀ nígbà tó bá wálé. Agnes kàn ń fi tọ́ ahọ́n wò ni, kó lè tó àwọn yòókù. Mùsùlùmí ni ìyá, kì í sí níbẹ̀.

 Gbogbo ara Bùsàrí ló rẹ̀ ẹ́. “Bí wọ́n bá mu ún ńkọ́?”

“Bí wọ́n bá mu ún tí kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, mo gbà.”

Wọ́n pe ìyá. Dùnsìn sùn sí ẹsẹ̀ ìyá, ó ń fi ọwọ́ nu itọ́ ẹnu rẹ̀.

“Ìyàwó, tí mo bá mu omi yìí, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n máa gbé ọmọ mi pọ̀n?” ìyá béèrè. “Ẹ bù ú wá. Ọlọ́run kan náà là ń pè.”

Agnes wọ ilé ìdáná. Kẹ́ẹ̀gì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó ní láti dojú rẹ̀ dé kó tó rí omi. Ohun tó ti inú ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì náà yọ́ jáde kẹ́yìn kò mọ́. Ó nípọn, ó láwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ sì ta sí i nímú. Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tí ẹni tó ta á fún un sọ: “Àǹtí, oògùn apakoríko ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa.”

Àìsùn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó da píọ̀ wọ́tà kan sí i, ó mì ín, ó dà á nù, ó rọ omi mìíràn kún un, ó sì sọ lọ́kàn rẹ̀ pé àdúrà á ṣe ìyókù. Nígbà tí dókítà béèrè ohun tí Ọláníyọnu ń mu, kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn, nítorí lójú rẹ̀ omi àdúrà kì í ṣe ohun mímu.

Ife náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá mu ún tó sì ṣubú, gbogbo àdúgbò á ní omi Ọlọ́run ló mú àjẹ́. Kò sẹ́ni tó máa wo inú kẹ́ẹ̀gì. Ìyá Agnes ní Ìlá kò ní mọ ẹni tó pa ọmọkùnrin òun.

“Ṣé o ò tíì rí i bù ni?” Bùsàrí pè é.

Ó gbé e wá. Ó gbé e fún ìyá. Ìyá ní bísímílà, ó gbé ife sókè.  Ìgbà yẹn ni ìwàásù pásítọ̀ tó yé Agnes. Orúkọ rere rẹ̀ ni kò lè fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ó sì ti fẹ́ fi arúgbó kan rúbọ sí i.

Ó gbá ife náà dànù.

“Ẹ má mu ún, Màmá. Májèlé ni. Èmi ni mo pa àbúrò mi.”

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Bùsàrí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Agnes bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyá, ṣùgbọ́n ìyá ti ń fa ọmọ mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

“Ẹ̀bẹ̀ á dúró,” ó ní. “Ọmọ la ó kọ́kọ́ gbé.”

Ní ọsibítù, dókítà kan náà ni wọ́n bá, ìbéèrè kan náà ló sì béèrè. Agnes gbé kẹ́ẹ̀gì lé orí tábìlì rẹ̀. “Èyí ni. Èmi ni mo bù ú fún un. Èmi náà ni mo bù ú fún Ọláníyọnu.” Dókítà kò ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tí ọmọ náà mu kéré, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n tètè dé.

Níta, fóònù Bùsàrí dún. Ó gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀, ó sì fọwọ́ bò ó.

“Ìyá Waliyah ni. Ó gbọ́ ariwo wa láti ojú fèrèsé. Ó ní ṣé omi náà ti mú Màmá. Kí ni kí n sọ?”

Ìyá ń wo ilẹ̀. Agnes na ọwọ́, ó gba fóònù.

“Ìyá Waliyah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn tó kù nídìí ẹ̀rọ,” ó ní. “Kí gbogbo yín lè jọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”