Ẹnu Ìgèrè

Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, olùkọ́ èdè Faransé, kì í yára rìn. Ará Ìjẹ̀bú ni, bí ẹni tí ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ ló sì máa ń rìn wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, díẹ̀ ló kù kí ó forí sọ ilẹ̀kùn. Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ padé.

"Motọ́lání, dìde," ó ní. "Àlejò ń bọ̀ wá bá ọ sáré."

Motọ́lání dìde. Ó rò pé etí òun ló ṣì gbọ́. "Sáré kẹ̀, sà?"

"Àbúrò bàbá Solange, ọ̀rẹ́ ìkọ̀wé rẹ, ni, Lucas ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ló ń ṣe ní Warri. Òun náà fẹ́ràn eré sísá. Ó ń bọ̀ ní Sátidé, kí ẹ jọ gba ọ̀nà tí o máa ń sá gbà láràárọ̀, kó lè ya fọ́tò gbogbo ibi àtijọ́ tí o kọ̀wé nípa wọn fún Solange."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Motọ́lání dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi àtijọ́ kankan tí ó ń gbà kọjá. Ọmọbìnrin náà kò sì sáré rí láyé, àfi ìgbà tí òjò bá ń lé e bọ̀ láti ọjà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Ọdún 1997 ni, nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé èdè Faransé yóò di èdè kejì ní ilẹ̀ wa, tí ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ń wá olùkọ́ Faransé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Igbótako wá ọ̀rẹ́ ìkọ̀wé ní ilẹ̀ Faransé. Solange, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ń gbé ní ìletò kan lẹ́bàá odò Loire, ni ó bọ́ sọ́wọ́ Motọ́lání. Nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, Solange sọ ọ̀nà tí òun máa ń sá gbà láràárọ̀. Ó ní òun a jáde lẹ́yìn ilé, òun a la àárín oko àjàrà kọjá, òun a gba orí afárá olókùúta kan tí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, òun a wá yí ààfin àtijọ́ kan po kí òun tó padà sílé. Ó fi fọ́tò sí i. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, ó béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni o máa ń rí lọ́nà?"

Motọ́lání wo fọ́tò náà, ó wo ojúde ilé wọn. Ó rí ọkadà tí ń da eruku sílẹ̀, ó rí pupuru, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n tò sórí pẹpẹ èéfín, ó rí ewúrẹ́ aládùúgbò tí ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ojú tì í. Ni ó bá gbé bírò, ó kọ ọ́ pé kìlómítà mẹ́jọ ni òun ń sá láràárọ̀, pé òun máa ń yí ààfin olókùúta kan po tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, pé òun a sì gba abẹ́ omi kan tí ń já bọ́ láti orí òkè. Orí òkè o, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní.

Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà fi bírò pupa tún gírámà rẹ̀ ṣe, ó fún un ní máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kò bi í bóyá òótọ́ ni. Àlejò ni ní ìlú náà. Ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló mọ̀.

Irọ́ náà ìbá kú sínú àpò ìwé, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Olùkọ́ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ òun kan ń sá kìlómítà mẹ́jọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìdíje eré ọ̀nà jíjìn ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ẹkùn wọn ń bọ̀ ní Òkìtìpupa. Àríyọ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń jókòó lẹ́yìn Motọ́lání, ni wọ́n ti yàn láti sá a. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pé méjì, fi rúlà fa ìlà lé orúkọ Àríyọ̀, ó kọ ti Motọ́lání sí i. Ó ní kí ẹni tí òyìnbó mọ̀ lọ gbé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ga.

Motọ́lání ìbá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn wo Àríyọ̀. "Kò burú," ni Àríyọ̀ wí, ó sì dojú kọ ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn kò jẹ́ kí oorun kun Motọ́lání mọ́.

Wàyí, Sátidé ń bọ̀. Ní ọjọ́rú, Motọ́lání jí ní kùtùkùtù láti kọ́ eré sísá. Kò tíì dé ilé ẹ̀rọ gàrí tí èémí rẹ̀ fi já, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bì. Ní ọjọ́bọ̀, ó tiro wọ ilé ẹ̀kọ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fún un ní róòbù kan odindi, ó ní bí kò bá san, àwọn yóò bẹ àlejò náà kí ó wá ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó bá yíjú sí, ògiri ni. Bí ó bá sáré, yóò tẹ́. Bí kò bá sáré, yóò tẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Kò sí ìgbà tí mọ́tò fọn fèrè lójú títì tí kò yọjú wò ó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Màmá Dora, ìyá ìyá rẹ̀ tí ó ń bá gbé, jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ọparun hun ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń mú ẹja. Àwọn Ìjọ̀ tó ń pẹja ní Àrògbò ló máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọma mi," ni Màmá wí láìgbé ojú sókè, "oúnjẹ ọ̀sán rẹ ṣì wà nínú ìkòkò. Ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú, Màmá."

"Ojú rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀."

Omijé bọ́ lójú Motọ́lání. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, láti orí lẹ́tà Solange dé orí Àríyọ̀. Nígbà tó dé ibi ààfin, Màmá dá iṣẹ́ dúró.

"Ààfin olókùúta? Ní Igbótako níbí, tí a kò ti rí òkúta mẹ́ta tí a ó fi ṣe ààrò?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wá nu ojú, ó na ìgèrè náà sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Motọ́lání kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́.

"Fà á jáde."

Ó fà á. Ẹnu àwọn ọparun ṣóńṣó tí wọ́n dojú kọ inú gún un ní ọrùn ọwọ́. Ó gbìyànjú láti gba ìdí rẹ̀, ìdí rẹ̀ dí. Ó wá ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dí.

"Màmá, ibo ni kí n gbà?"

"Ẹnu tí o gbà wọlé náà ni. Yóò ha ọ́ lára, kò sì sí ọ̀nà mìíràn."

Motọ́lání di eyín, ó fà á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ jáde, ilà funfun mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Màmá Dora gba ìgèrè rẹ̀ padà.

"Lọ jẹun," ó ní.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìdajì ilé ẹ̀kọ́ ti pé sí ẹnu géètì. Lucas bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ó wọ bàtà eré, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó bọ Motọ́lání lọ́wọ́, ó pe orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe lè pè é, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ju ọwọ́ sí wọn. Wọ́n gbéra.

Wọn kò tíì dé ilé ẹ̀rọ gàrí tí Motọ́lání fi bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ. Lucas dẹsẹ̀ dúró dè é. "Apá ibo ni ààfin náà wà?" ó bi í lédè Faransé.

Irọ́ kan ṣì wà ní ṣóńṣó ahọ́n Motọ́lání. Ó lè sọ pé ọba kò jẹ́ kí àlejò dé ibẹ̀. Òyìnbó náà yóò gbà á gbọ́, yóò ya fọ́tò ọjà, yóò padà sí Warri, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ó fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀ tán. Ó gbé ọwọ́ láti nu òógùn, ó sì rí àwọn ilà mẹ́rin náà.

"Kò sí ààfin," ó wí.

Lucas rò pé èdè ló ń da ọmọ náà láàmú. "Ṣé wọ́n ti tì í pa ni?"

"Rárá, sà. Kò sí. Kò sí i rí. Kò sí òkè, kò sí omi tó ń já bọ́. Èmi kì í sáré. Irọ́ ni mo pa."

Ọkùnrin náà wo ojú títì síwájú, ó wò ó sẹ́yìn. "Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wa mọ́tò," ó wí níkẹyìn. "Solange ti ka lẹ́tà rẹ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀."

Motọ́lání ì bá kúkú fẹ́ kó gbá òun létí. Ó fi apá nu ojú. "Ẹnì kan wà tó ń sáré lóòótọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, ó tún un sọ ní Yorùbá, lójú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, lójú olùkọ́ rẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni pé ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí Motọ́lání gé koríko pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì dá orúkọ Àríyọ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

"Èmi ò mọ ibi àtijọ́ kankan o," ni Àríyọ̀ wí nígbà tí wọ́n pè é síwájú. "Ọ̀nà oko wa ni mo mọ̀. Mo máa ń bá ìyá mi to pupuru sórí pẹpẹ kí n tó kúrò nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sáré, kí wọ́n má baà nà mí pé mo pẹ́."

Òun àti Lucas lọ. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n lò. Motọ́lání jókòó sí ẹnu géètì, ó ń ṣọ́ báàgì àlejò, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń pè é ní "Ààfin". Orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi jáde ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì padà dé, òyìnbó náà ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, Àríyọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Lucas ti ya fọ́tò kòtò tí àwọn ìyá-ìyá wọn ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ epo pupa, tí ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó wà láàyè tó dáyé. Ó ya rìmù mọ́tò tí ìjọ Àládùúrà so mọ́ igi fi ṣe agogo. Ó ya afárá onígi tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan.

Àríyọ̀ gba ipò kejì ní Òkìtìpupa. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àpò ìwé kan dé láti ilẹ̀ Faransé, àwọn fọ́tò kún inú rẹ̀. Orúkọ Àríyọ̀ ni Solange kọ sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún Motọ́lání, ó sì dùn ún dé ọkàn.

Ṣùgbọ́n Faransé Àríyọ̀ kò já gaara. Ó gbé lẹ́tà náà wá, ó jókòó ti Motọ́lání lábẹ́ igi máńgòrò. "Bá mi kà á," ó ní, "kí o sì bá mi dáhùn."

Motọ́lání kà á fún un. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ èsì: "Lọ́nà oko wa, mo máa ń kọjá odò kan tó jìn púpọ̀." Ó dáwọ́ dúró.

"Àríyọ̀, báwo ni odò yẹn ṣe jìn tó?"

Àríyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Kò mu mí dé orúnkún."

Motọ́lání fa ìlà lé ohun tó kọ, ó kọ ọ́ pé omi náà kò dé orúnkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ kò le wọ̀, bí ẹnu ìgèrè ló rí. Ẹni tó bá sì ti há síbẹ̀, kó má wá ihò mìíràn. Kó gba ibi tó gbà wọlé jáde; ojú ọgbẹ́ yóò jinná. Ilà mẹ́rin ti ọwọ́ Motọ́lání ti parẹ́ tipẹ́, síbẹ̀ kò kọ gbólóhùn kan mọ́ nínú lẹ́tà yẹn láìkọ́kọ́ bi Àríyọ̀ léèrè bóyá òótọ́ ni.