Ìlà Mẹ́sàn-án Tó Yẹ Kó Ṣófo

Àǹtí ń ka lẹ́tà náà sókè, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú àdúrà ẹlòmíràn. Orí tábìlì ilé ìdáná ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀ sí, láàárín ife tíì méjì àti búrẹ́dì àjẹkù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, jókòó ní iwájú rẹ̀.

"Gbọ́ èyí, Aago," ni Àǹtí wí. "Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ iṣẹ́ wa wò ní ohun tó wú òun lórí jù ni pé nínú igba ọjọ́, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí a kò wọn omi náà. Ìwọ ló ń yìn yẹn o, kì í ṣe èmi."

Aago gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

Aago kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Láti kékeré ni kì í ti í pẹ́ dé ibikíbi. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n máa ń sọ pé bí Aago bá ti jókòó, kí ẹni tó kù lójú ọ̀nà yáa máa sáré. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú ju bí ó ti ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ omi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé ìfọṣọ ńlá kan wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wọn, tó ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi ń ráhùn pé kànga àwọn ń gbẹ. Màmá Aránṣọ, arúgbó tó ń ránṣọ ní ọ̀kánkán ilé wọn, ti so okùn mẹ́ta pọ̀ kí korobá rẹ̀ tó lè dé omi. Onímọ̀ nípa omi ni Àǹtí, ní ibùdó ìwádìí kan. Ó ní ìráhùn kì í ṣe ẹ̀rí; ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ni ó bá fa tépù gígùn kan lé Aago lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Láago mẹ́fà ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó ju korobá sí kànga ẹ̀yìnkùlé wọn, Aago á sọ tépù náà kalẹ̀, á sì kọ ibi tí omi dé.

Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí fún un. "Ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Ọjọ́ tí o kò bá rí nǹkan kan, fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo kì í purọ́."

Jọ́nà ni wọ́n ń fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ti máa ń tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde fún gbogbo ayé. Àǹtí nílò rẹ̀ gidigidi. Iṣẹ́ ọdún méjì péré ni ibùdó náà fún un. Bí àpilẹ̀kọ rẹ̀ bá jáde kí ọdún tó parí, wọn á gbà á pátápátá. Bí kò bá jáde, á di ẹrù rẹ̀.

Lẹ́tà olóòtú jọ́nà náà ni Àǹtí ń kà yìí. Wọ́n ti gba iṣẹ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un láti tún un kà, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

"Ibi ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ wọn bàjẹ́ yẹn gan-an ló gbé iṣẹ́ náà ró," ni Àǹtí ń wí lọ. Ó ṣàlàyé pé ọjọ́ méje ni ẹ̀rọ ilé ìfọṣọ fi dákẹ́. Ká ní òun ló ń fa omi kànga gbẹ ni, omi ì bá ti gòkè láàárín ọjọ́ méje náà. Ìwé àkọsílẹ̀ Aago sì fi hàn pé omi kò gòkè rárá. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ ìlú ń dúró de àpilẹ̀kọ náà kí wọ́n tó pinnu bóyá kí ilé ìfọṣọ ri ẹ̀rọ kejì mọ́lẹ̀.

Aago béèrè ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Nígbà tí Àǹtí dárúkọ rẹ̀, Aago ti búrẹ́dì tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọjọ́ méje náà bọ́ sínú ọjọ́ mẹ́sàn-án kan tí Àǹtí rìnrìn àjò. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, ẹgbẹ́ akọrin sì ń múra ìdíje ní òdìkejì ìlú. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ni Aago sùn, pẹ̀lú ìlérí pé òun á máa gun kẹ̀kẹ́ wálé ní ìdájí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oorun dùn. Ní ọjọ́ kejì, ó ní ìgbà tí òun ti pa ti àná jẹ, kí ni ti òní fẹ́ ṣe? Nígbà tó padà sílé ní ọjọ́ kẹwàá tó wọn omi, ìlà mẹ́sàn-án ń wò ó bí ẹnu tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ojú tì í. Ó wo nọ́mbà tó ṣáájú wọn, ó wo èyí tó tẹ̀lé wọn, tí ẹ̀rọ ti tún fà wálẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó sì to mẹ́sàn-án sáàárín bí ẹni tó ń fi igi ṣọgbà láti òpó kan dé òpó kejì. Ó tilẹ̀ ń pààrọ̀ kálàmù, kí yíǹkì má baà jọra.

Lọ́jọ́ kejì tí Àǹtí ka lẹ́tà náà, Aago sọ ọ́ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀.

"Nọ́mbà mẹ́sàn-án nínú igba? Ta ló fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga lọ bi omi léèrè?" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Aago, bí o bá sọ̀rọ̀, Àǹtí rẹ ló máa pàdánù iṣẹ́, kì í ṣe ìwọ. Ṣé oore tó ṣe fún ẹ lo fẹ́ fi ìyẹn san?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára jù. Bí ó ti ń lọ sílé ló ń gbìyànjú láti kọ orin tí wọ́n ń kọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, àmọ́ ó ń ṣi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Ó ti pinnu pé òun á dákẹ́, nítorí ìfẹ́.

Màmá Aránṣọ ni kò jẹ́ kó kọjá. Ó ní kí ó wá bá òun fa omi, pé ọwọ́ òun kò mú okùn mọ́. Aago fà á, fà á, kókó okùn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn ti di mẹ́rin.

"Wọ́n ní ìwé Àǹtí rẹ ti fẹ́ jáde," ni ìyá àgbà náà wí, "pé kì í ṣe ilé ìfọṣọ ló fà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ń tàn mí nígbà náà. Lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ wọn bàjẹ́ yẹn, mo rò pé omi gòkè, mo tilẹ̀ tú okùn kan kúrò. Ṣùgbọ́n kí ni èmi mọ̀, ọmọ mi? Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀. Bí ìwé bá ti sọ ọ́, ó tán."

Aago gbé korobá náà kalẹ̀. Ó wá rí ohun tí òun ṣe. Ìyá àgbà fi ojú ara rẹ̀ rí òótọ́, irọ́ Aago sì ti fẹ́ mú un gbà pé òun kò rí nǹkan kan.

Àǹtí wà nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tó wọlé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i," ni ó wí. "Mi ò wọn omi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ bàjẹ́ yẹn wà nínú rẹ̀. Mi ò sí nílé. Èmi ni mo dá àwọn nọ́mbà náà ṣe."

Àǹtí kò pariwo. Ó ní kí ó lọ mú ìwé àkọsílẹ̀ náà wá, kí ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dìde lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ètè rẹ̀ ń mì, Aago sì mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà. Bí wọ́n bá dákẹ́, olóòtú kò lè mọ̀ láé. Àwọn méjèèjì ló mọ bẹ́ẹ̀, nínú yàrá kan náà.

"Kí ló dé tí o kò fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo?"

"Nítorí wọ́n ń pè mí ní Aago, mà."

Àǹtí yíjú padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Aago tó bá ti dúró, gbogbo èèyàn á rí i pé ó dúró, wọn á lọ béèrè àkókò níbòmíràn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń sọ àkókò irọ́ ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ fi èèyàn sílẹ̀ lọ." Ó jókòó. "Èmi náà ní ẹ̀bi. Bí ìwé náà ṣe kún ń dùn mọ́ mi nínú, mi ò bi ọ́ bí ó ṣe kún. Fa àga yẹn súnmọ́ mi. A ó kọ lẹ́tà sí olóòtú; apá tìrẹ nínú rẹ̀, ìwọ ló máa fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Olóòtú fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó yọ àpilẹ̀kọ náà kúrò nínú ìwé tó fẹ́ jáde. Ó ní bí wọ́n bá tún iṣẹ́ náà ṣe, àwọn olùyẹ̀wò á yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì dúpẹ́ pé lẹ́tà náà dé kó tó di títẹ̀, nítorí ìwé tó ti jáde, bí a tilẹ̀ fà á sẹ́yìn, ẹni tó ti kà á ti gbé e rìn jìnnà.

Ọdún parí. Ibùdó ìwádìí kò gba Àǹtí pátápátá. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú páálí mẹ́ta wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò. Aago bá a gbé páálí wọ̀nyẹn. Wọ́n wúwo, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó lè mú wọn fúyẹ́.

Àmọ́ tépù náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú, nígbà tí Àǹtí ti ṣàlàyé fún wọn, ní àwọn á ṣì dúró. Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, ilé ìfọṣọ pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún àtúnṣe ọjọ́ mẹ́fà. Ìdájí kọ̀ọ̀kan bá Aago lẹ́nu kànga, ìdájí kọ̀ọ̀kan sì ni omi ń gòkè. Ní ọjọ́ kẹfà, ó lọ fa Màmá Aránṣọ lọ́wọ́ wá, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ìyá àgbà wo tépù, ó wo Aago. "Nígbà náà, ojú mi kò fọ́," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àpilẹ̀kọ náà padà jáde nínú jọ́nà kan náà. Kò sí ẹ̀rọ kejì. Ní ojú ewé kejì, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á pé ọjọ́ méjìlá wà tí wọn kò wọn omi: mẹ́sàn-án tí ẹni tó ń wọn omi kò sí nílé, mẹ́ta tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ibà náà, Àǹtí ti ní òun á bá a wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n Àǹtí fúnra rẹ̀ sùn kọjá aago mẹ́fà. Aago rẹ́rìn-ín láti orí ibùsùn, ó ní kí Àǹtí gbé ìwé náà wá, ó kọ ọjọ́ oṣù síbẹ̀, kò sì kọ ohunkóhun sí iwájú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìwé títẹ̀ a máa fún irọ́ ní ẹṣin gùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ kò bá mọ nǹkan, tàbí tí ẹ kò ṣe é, ẹ ní ìgboyà láti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ lè gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ohun tí ẹ bá kọ. Ọlọ́run kò sì béèrè ìwé tó kún lọ́wọ́ wa, bí kò ṣe èyí tó jẹ́ òótọ́.