Òtútù Ṣùkúrát

Ooru oṣù kẹta ń bó ènìyàn láwọ ní Sango, ṣùgbọ́n súwẹ́tà méjì ni Ṣùkúrát wọ̀ wá sí láàbù wa l'Ójú Òrè.

Mo mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ní Ilo-Awela ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà lára igba ènìyàn tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́dún tó kọjá, kí a lè mọ ohun tí èéfín ilé iṣẹ́ ń ṣe fún ará àdúgbò. Inú fírísà ni ẹ̀jẹ̀ náà wà, èmi ni mo sì ń ṣọ́ ọ.

Ó ní, "Bọ̀dá Nùrẹ́nì, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbẹ̀jẹ̀ mi lòtútù ti ń mú mi. Mo ti lo oògùn ibà, mo ti mu àgbo. Sọ́ńdè tó kọjá nìkan lara mi yá, mo tiẹ̀ làágùn. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó tún bẹ̀rẹ̀."

Ní Sọ́ńdè yẹn, iná lọ, dísẹ́lì tán nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà sì yọ́. Mọ́ńdè ni mo tó bá a, tí mo tún jẹ́ kó dì. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìwé tí à ń kọ ìwọ̀n òtútù sí lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti kọ ti Sọ́ńdè sílẹ̀: ọgọ́rin nísàlẹ̀ òdo. Ọ̀lẹ ni mí, n kò ní fi pamọ́.

Mo wọlé lọ mú ìgò kékeré tó jẹ́ tirẹ̀, mo dì í mú lọ́wọ́ títí ó fi ń yọ́.

"Alihamudulilahi!" Ohùn rẹ̀ ló ń bọ̀ láti yàrá kejì. Mo yọjú, ó ti bọ́ súwẹ́tà kan. Mo dá ìgò náà padà. Kò pẹ́, ó tún wọ̀ ọ́, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ mi kúrò nínú fírísà yẹn."

Mo lọ bá Dókítà Ọmọ́wùnmí, ọ̀gá wa. "Mà, tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ́, tó tún dì ńkọ́?"

Kò gbójú sókè. "Irọ́ lá máa pa fún wa. Dáná sun ún, gbogbo ẹ̀ pátá, lọ́jọ́ náà gan-an."

Òtútù fírísà ló ń mú Ṣùkúrát yìí. Iná ńkọ́?

Mo padà sídìí ìwé, mo mú bírò, mo kọ ti òní: ọgọ́rin nísàlẹ̀ òdo.

Ṣùkúrát ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní kó lọ ra súwẹ́tà tó nípọn.